Ẹ Bi Mí Nípa Ẹ̀rọ: Fóònù Tó Ń Gbé Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lóṣù tó kọjá mo kàn sọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni pé èèyàn lè ṣí áàpù fóònù lórí láptọ́ọ̀pù, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn máa dá ariwo sílẹ̀ báyìí, lẹ́tà tó wọlé lórí ẹ̀ ju tàwọn tó ń ráhùn bátìrì lọ, bẹ́ẹ̀ bátìrì ni mo rò pé ó ń dun gbogbo wa jù. Torí ẹ̀, ojú ewé tòní, ẹ̀múlétọ̀ là ń jẹ, òun náà là ń mu. Ẹni tí ò bá mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: prógíráàmù ni, tẹ́ ẹ bá fi sórí kọ̀ǹpútà, á ṣí fèrèsé kan fún yín, inú fèrèsé yẹn lódidi fóònù Android wà, pẹ̀lú Play Store ẹ̀, pẹ̀lú sẹ́tíǹsì ẹ̀, ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ fìka tẹ̀ lẹ máa fi máòsì tẹ̀. Kì í ṣe àwòrán fóònù o. Òun fúnra ẹ̀ gbà pé fóònù lòun.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. HP tòkunbọ̀ ni mò ń lò, RAM 4GB, Windows 10. Ojú fóònù mi ti fọ́, ni mo bá dáunlóòdù BlueStacks kí n lè máa fi gbá Dream League Soccer àti PUBG Mobile, àmọ́ ó ń dákú, nígbà míì gbogbo láptọ́ọ̀pù á dúró gbagidi títí màá fi fagbára pa á. Ẹnì kan ní kí n lọ mú LDPlayer, ẹlòmíì ní MEmu, ẹlòmíì ní GameLoop. Èwo gan-an ló dáa jù níbẹ̀? – Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Èsì: Àbúrò, kì í ṣe pé o ò mọ̀ ọ́n ṣe, ẹrù ló ju orí lọ. Gbogbo orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n dá fún ẹ yẹn, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, Android ni gbogbo wọn gbé pamọ́ sínú, tí láptọ́ọ̀pù bá ti ń dákú lábẹ́ ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kó dákú lábẹ́ ìkejì náà. Má tíì bi mí pé èwo ló dáa jù. Kí ló wà nínú láptọ́ọ̀pù yẹn ni ká kọ́kọ́ wò.

Wo RAM bí àtẹ tí ìyá ọlọ́jà ń pàtẹ lé, kó o wo hard disk bíi sítọ́ọ̀ tó wà lẹ́yìn. Sítọ́ọ̀ lè tóbi bí ilé, tí àtẹ bá kéré, ìwọ̀nba ọjà tó lè gbé síta náà nìyẹn, tó bá fẹ́ gbé òmíì síta àfi kó kó ti tẹ́lẹ̀ padà sí sítọ́ọ̀, àlọ àbọ̀ yẹn lò ń rí tó dà bíi pé ẹ̀rọ ti kú. 4GB ni àtẹ tìẹ. Windows 10 á ti gba bí ìdajì ẹ̀ kó o tó ṣí ohunkóhun, Chrome á gba tiẹ̀ (Chrome ò mọ̀wọ̀n ara ẹ̀), ẹ̀múlétọ̀ á wá ní òun náà fẹ́ 2GB. Ibo ló fẹ́ jókòó sí? Àwọn tó ṣe BlueStacks 5 fúnra wọn kọ ọ́ pé RAM 4GB àti àyè 5GB lórí disk ló kéré jù, àmọ́ wọ́n tún kọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kó dáa, 8GB pẹ̀lú SSD (sítọ́ọ̀ tó yára ju hard disk lọ) ni kó ní. 4GB yẹn, kó ṣáà lè ṣí ni o, wọn ò sọ pé wàá gbádùn ẹ̀.

Tí owó RAM ò bá tíì sí, ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi nìyí. BlueStacks 5 ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Multi-instance Manager, ibẹ̀ lèèyàn ti ń yan irú Android tó fẹ́, Nougat 32-bit ló fúyẹ́ jù nínú gbogbo wọn, òun ni kó o mú, fi Android 11 sílẹ̀ fáwọn tí àtẹ wọn fẹ̀. Tó o bá ti ṣí i, wọ Settings, lọ sí Performance, fún un ní core 2 (apá méjì nínú ọpọlọ ẹ̀rọ) àti RAM tí ò ju 2GB lọ. Má ṣe bíi ti ọ̀rẹ́ mi kan tó kó gbogbo RAM tó ní fún un, ó ní kó lè sáré dáadáa, Windows ò wá ráyè mí, òun náà ò ráyè gbá géèmù. Fps 30 (iye àwòrán tó ń yí lójú sìkírínì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ti tó. Lọ sí Display kó o sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 1280 x 720, tàbí 960 x 540 tó bá ṣì ń fà. Pa Chrome, pa gbogbo nǹkan tó ń ṣí fúnra ẹ̀ tó o bá tan ẹ̀rọ. Dream League á ṣeé gbá báyìí. PUBG, mi ò ní parọ́ fún ẹ, bí ìgbín ni.

Ní ti GameLoop, ti Tencent ni, àwọn kan náà tó wà lẹ́yìn PUBG Mobile, torí ẹ̀ ló ṣe bá PUBG àti Call of Duty Mobile mu, tó o bá sì fi ẹ̀múlétọ̀ gbá PUBG, àwọn tó ń fi ẹ̀múlétọ̀ gbá a náà ni wọ́n máa kó ẹ pọ̀ mọ́, kó o má baà máa fi máòsì àti kíbọ́ọ̀dù na àwọn tó ń fìka gbá a. LDPlayer àti MEmu fúyẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ mi, àmọ́ ìpolówó wọn pọ̀, tó o bá ń ínsítọ́ọ̀lù wọn ka gbogbo ojú tó bá ṣí kó o tó tẹ Next, nígbà míì wọ́n á ti mú àmì sí prógíráàmù míì tí o ò béèrè. Google náà ní tiẹ̀, Google Play Games fún kọ̀ǹpútà, ó mọ́ tónítóní, àmọ́ 8GB RAM àti SSD ló ń béèrè, géèmù nìkan ló sì wà fún, ìyẹn ṣì jìnnà sí ẹ. Tẹ́nì kan bá tún ní kó o lọ wá Windows Subsystem for Android, sọ fún un pé Microsoft ti ti ìlẹ̀kùn ìyẹn láti March 5, 2025.

Bó o bá wá rówó díẹ̀, má fi ra láptọ́ọ̀pù míì. RAM 4GB kan sí i àti SSD ni kó o rà, wàá rò pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ fún ẹ ni. Kó o tó lọ bá wọn ní Computer Village tàbí ibi yòówù tí wọ́n ti ń tà á ládùúgbò yín, mọ̀ bóyá DDR3 ni tìẹ àbí DDR4, torí wọn ò wọ ara wọn, kódà ojú ihò wọn ò bára mu. EliteBook 840 G2 ń lo DDR3, 840 G3 tó tẹ̀ lé e ń lo DDR4. Gbé láptọ́ọ̀pù yẹn dání lọ, kí wọ́n fi sí i lójú ẹ, kó o tàn án kó o tó sanwó.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò mi. Ọmọ mi bá mi fi LDPlayer sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù kí n lè máa rí àwọn áàpù tí wọ́n fi ń ya sítáìlì aṣọ lójú tó tóbi. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i ló ń kọ ọ́ pé VT ò sí ní títàn. Ọmọ ní àfi ká wọ BIOS, mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, torí ẹnì kan ní ẹni bá wọbẹ̀ lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Ṣé òótọ́ ni? – Ìyá Aránṣọ, Ìbàdàn

Èsì: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dá ọmọ dúró kẹ́ ẹ lè béèrè ná, àmọ́ ẹ jẹ́ kó wọbẹ̀ báyìí. Èmi náà, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ BIOS, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bíi ti obìnrin tó ṣèèṣì gbọ́ ohùn orò, mo sì rí i pé ojú ewé sẹ́tíǹsì lásán ni, èyí tó ń jí ṣáájú Windows. Ohun tó ń ba ẹ̀rọ jẹ́ níbẹ̀ ni kéèyàn máa ṣe ọ́pídéètì BIOS kí iná lọ láàárín kan, a ò sì ní ṣe ìyẹn rárá.

VT yẹn, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà lè gbà kí kọ̀ǹpútà míì wá ṣàtìpó nínú ẹ̀, kó fún un ní yàrá tiẹ̀. Púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ló ní in, wọ́n kàn pa á níbi tó ti ń bọ̀ ni. Tí ò bá sí ní títàn, ẹ̀múlétọ̀ míì ò ní ṣí, míì á ṣí àmọ́ á máa ṣe bí ẹni tó ń fi ṣíbí fa omi kànga.

Kẹ́ ẹ tó wọ ibikíbi, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager á ṣí, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU, ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ máa rí Virtualization. Tó bá kọ Disabled síbẹ̀, BIOS ló kàn. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tàn án, bó ṣe ń tàn báyìí kí ọmọ máa tẹ bọ́tìnnì tó ń wọ BIOS léraléra, má dúró kó tó tẹ̀ ẹ́: HP, F10 ni (tí ìyẹn bá kọ̀, Esc lákọ̀ọ́kọ́ kó tó kan F10), Dell àti Acer F2, Asus F2 tàbí Delete, ThinkPad F1. Orúkọ tó máa wá níbẹ̀ ló ń da àwọn èèyàn láàmú torí kálukú ló ní tiẹ̀, Intel Virtualization Technology, VT-x, Virtualization Support tó bá jẹ́ Dell, tó bá jẹ́ pé AMD ni ọpọlọ ẹ̀rọ yín, SVM Mode ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn kì í sọ nǹkan kan fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Lórí ThinkPad abẹ́ Security ló wà, lórí HP ẹ wo System Configuration tàbí Advanced. Ẹ yí i sí Enabled, ẹ tẹ F10 (tàbí Apply, tó bá jẹ́ Dell) kó lè tọ́jú ẹ̀, ó parí. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan míì.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rù díẹ̀ ni BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti ohun tó wà lórí disk pa. Tó bá jẹ́ pé ó wà lórí ẹ̀rọ yín, yíyí nǹkan ní BIOS lè mú kí Windows béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 nígbà tẹ́ ẹ bá padà wọlé, ẹni tí ò bá ní in lọ́wọ́, ẹkún ló kù. Ẹ wọ Settings kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó wà ní títàn, tó bá wà, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ yẹn sínú ìwé tẹ́ ẹ fi ń kọ gbèsè oníbàárà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Tí Task Manager bá wá kọ Enabled àmọ́ tí LDPlayer ṣì ń pariwo, a jẹ́ pé nǹkan míì ti gba yàrá àlejò yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́, Hyper-V ni, ti Windows fúnra ẹ̀. Ẹ kọ Turn Windows features on or off sí ibi tẹ́ ẹ ti ń wá nǹkan, ẹ yọ àmì kúrò lójú Hyper-V, Virtual Machine Platform àti Windows Hypervisor Platform, ẹ pa ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tún un tàn. Ẹni tó ń lo Docker (irinṣẹ́ àwọn tó ń kọ prógíráàmù) tàbí Linux inú Windows ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ o, torí ohun táwọn yẹn ń jẹ nìyẹn, àmọ́ mi ò rò pé aránṣọ ń lo Docker. Ẹni tí ò bá lè pa Hyper-V, kó mú BlueStacks, ìyẹn lè bá a gbé.

Ìbéèrè: Mò ń ta aṣọ ní Balógun. Bátìrì fóònù mi kì í dé ọ̀sán, mo wá fẹ́ kó WhatsApp nọ́ńbà kejì mi àti áàpù báǹkì mi sórí láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú ẹ̀múlétọ̀ yìí kí n lè máa fi rí àlẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà. Èwo ni kí n fi sí i? – Alhaja Eléléṣì

Èsì: Alhaja, ẹ má fi èyíkéyìí sí i. Mo mọ̀ pé ìdáhùn tẹ́ ẹ ń retí kọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí báǹkì. Áàpù báǹkì púpọ̀ máa ń bi Google léèrè bóyá fóònù gidi ló gbé àwọn, Play Integrity lorúkọ àyẹ̀wò yẹn, ẹ̀múlétọ̀ kì í sì í yege níbẹ̀, áàpù yẹn á ṣí, á kọ ẹjọ́ wẹ́wẹ́, á sì tì. Àwọn ọmọ kan wà tó máa sọ pé àwọn mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án jẹ. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹni tó bá ń bá yín tan báǹkì jẹ lórí owó ara yín, kí lẹ fẹ́ pè é? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo owó lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ béèrè lọ́wọ́ báǹkì yín bóyá wọ́n ní ojú íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi bíráúsà ṣí, ìyẹn kì í ṣe ọgbọ́n àrékérekè.

WhatsApp náà ò fẹ́ràn ẹ̀múlétọ̀, wọ́n lè ti nọ́ńbà yín pa, nọ́ńbà tí gbogbo oníbàárà Balógun ti kọ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì rí i, kò pọn dandan. Láti ọdún 2015 ni WhatsApp Web ti wà, ẹ ṣí i lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ mú fóònù, ẹ lọ sí Linked devices, ẹ fi kámẹ́rà fóònù wo àwòrán onígun mẹ́rin tó bá jáde, ó parí, ẹ̀rọ mẹ́rin ni fóònù kan lè so mọ́ra báyẹn, tí fóònù bá tiẹ̀ kú lọ́sàn-án, láptọ́ọ̀pù á ṣì máa gba ọ̀rọ̀ tí oníbàárà bá kọ ránṣẹ́ lọ. Nọ́ńbà kejì yẹn, ẹ fi WhatsApp Business gbé e, tàbí kẹ́ ẹ wò ó bóyá WhatsApp tó wà lọ́wọ́ yín ti ní àyè fún àkáǹtì méjì, láti ìparí 2023 ni wọ́n ti ń fi sí Android. 

Tó bá wá jẹ́ pé gbogbo ojú fóònù yín gan-an lẹ fẹ́ máa rí lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan bá yín dáunlóòdù scrcpy. Orúkọ ẹ̀ ò ṣeé pè, mo mọ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní ìpolówó kankan. Kó kọ́kọ́ tan USB debugging lórí fóònù yín, bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún Akọ́ṣẹ́ Òṣogbo nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi okùn ṣájà tó lè gbé fáìlì so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, ojú fóònù á yọ sórí sìkírínì, ẹ fi máòsì tẹ ohun tó bá wù yín, fóònù yín náà ló ń ṣiṣẹ́, áàpù báǹkì míì ò ní bá a jà torí pé fóònù gidi ni, míì sì lè kọ̀ tí USB debugging bá wà ní títàn (àti pé ojú ibi tẹ́ ẹ ti ń kọ PIN lè ṣú dúdú, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni). Ibi tó ti wá dùn ni pé okùn yẹn ń fún fóònù níná bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó. Bátìrì tó ń kú lọ́sàn-án tẹ́ ẹ ń sọ, ó tán nìyẹn.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀múlétọ̀ iPhone wo ló ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Windows? Mo rí ọ̀kan tó ń jẹ́ iPadian àmọ́ App Store ò sí níbẹ̀. – Ọmọ Ìjẹ̀bú

Èsì: Kò sí. iPadian ń wọ aṣọ iPhone ni, kì í ṣe iPhone, ohun tó wà nínú ẹ̀ ò lè gbé áàpù iPhone kankan. Apple nìkan ló ní ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, Simulator ni wọ́n ń pè é, inú Xcode ló wà, orí Mac nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ń kọ áàpù ni wọ́n ṣe é fún, òun náà gan-an ò ní App Store. Ẹni tó bá ní kó o san owó kóun fún ẹ ní ti Windows, sá.

Ìbéèrè: Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ látibi tẹ́ ẹ wà. Peckham nibí ni mo wà. Ọmọ mi ra MacBook Air M1 fún mi. Ṣé Android lè wọ ìyẹn? Áàpù Bíbélì Yorùbá kan ni mo ń lò lórí fóònù àtijọ́ mi, mo fẹ́ rí i lójú ńlá, ojú ò tún rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. – Bàbá Peckham

Èsì: Ẹ kú òtútù, bàbá. Ó lè wọ̀ ọ́ dáadáa, kódà Mac yín rọrùn fún un ju púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù àwọn tó kọ̀wé sí mi lọ. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ọpọlọ inú fóònù, èdè kan ló ń sọ, ARM ni wọ́n ń pè é. Ọpọlọ inú púpọ̀ láptọ́ọ̀pù Windows, èdè míì ni tiẹ̀, x86. Torí ẹ̀, ẹ̀múlétọ̀ orí Windows sábà máa ń gba ògbufọ̀ sínú ilé, ohun tí áàpù tí wọ́n kọ fún ARM bá sọ, ògbufọ̀ á tún un sọ, ẹ sì mọ̀ pé ìpàdé tí wọ́n bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ níbẹ̀ kì í tètè tú. M1 tí Apple gbé jáde lọ́dún 2020, ARM lòun náà ń sọ. Òun àti fóònù, ọmọ ìyá ni wọ́n, kò sí pé à ń wá ògbufọ̀.

BlueStacks ní èyí tí wọ́n ṣe fún irú Mac yín, BlueStacks Air, òun ni kí ọmọ bá yín dáunlóòdù látojú ilé iṣẹ́ BlueStacks fúnra wọn, ẹ má mú BlueStacks ti Mac àtijọ́. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ṣe wàhálà ọ̀hún, ẹ kọ́kọ́ ṣí App Store orí Mac yẹn, ẹ wá orúkọ Bíbélì yín, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ iPhone & iPad Apps sí, torí Mac M1 lè ṣí áàpù iPad tí ẹni tó ṣe é bá ti yọ̀ǹda. Tẹ́ ẹ bá bá a níbẹ̀, ẹ̀múlétọ̀ ò kàn yín mọ́.

Ìbéèrè: Mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe áàpù pẹ̀lú Flutter. Olùkọ́ wa ní ká fi Android Studio àti ẹ̀múlétọ̀ inú ẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù, 8GB ni tèmi, tí mo bá ṣí méjèèjì pọ̀ fáànù á máa pariwo bíi ti jẹnẹrétọ̀, mi ò lè ṣiṣẹ́. Ṣé kí n lo BlueStacks dípò ẹ̀? – Akọ́ṣẹ́ Òṣogbo

Èsì: Rárá. BlueStacks, ti àwọn tó ń gbá géèmù ni, áàpù tìẹ lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó má ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Èyí tó wà nínú Android Studio lògidì, Google ló ṣe é, o lè fi dá fóònù tó o bá fẹ́, ojú kékeré, ojú ńlá, Android tuntun, Android àtijọ́. Wàhálà ẹ̀ nìyẹn náà, ó ń jẹun. Google fúnra wọn ti ń sọ ọ́ báyìí pé ẹni tó bá fẹ́ lo Studio àti ẹ̀múlétọ̀ pọ̀, 16GB ni kó ní.

Ìwọ ní fóònù lọ́wọ́, ṣebí fóònù náà lo fi kọ̀wé sí mi. Wọ Settings ẹ̀, lọ sí About phone, wá Build number, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méje. Mo ní ẹ̀ẹ̀méje, kì í ṣe àwàdà, á sọ fún ẹ pé o ti di developer (ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀, kò sí ìwúyè). Padà sẹ́yìn, wàá rí Developer options, tan USB debugging, fi okùn so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, gbà fún un lójú fóònù, Flutter á rí i bó ṣe ń rí ẹ̀múlétọ̀, áàpù ẹ á ṣí lórí fóònù ẹ, láptọ́ọ̀pù á sì sinmi. Okùn tó ń gbé ṣájà nìkan ò ní ṣiṣẹ́ o, àfi èyí tó ń gbé fáìlì náà, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi bínú sí Flutter kí n tó mọ̀ pé okùn igba náírà ọwọ́ mi lọ̀bàyéjẹ́.

Ọjọ́ tó o bá fẹ́ wo bó ṣe máa rí lórí tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan ni kó o ṣí ẹ̀múlétọ̀, kó o wá mú Android tó ti pẹ́ díẹ̀ fún un. Ẹni tó jẹ́ wẹ́ẹ̀bù nìkan ló ń ṣe ò tiẹ̀ nílò èyíkéyìí, kó ṣí Chrome, kó tẹ Ctrl, Shift àti I, kó tún tẹ Ctrl, Shift àti M, ojú fóònù á yọ.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ti fi nǹkan yìí sórí láptọ́ọ̀pù tí ọ́fíìsì fún mi, Gmail mi ló tún fi wọ Play Store ẹ̀. Ṣé ó léwu? – Mọ́mì Tí Ẹ̀rù Ń Bà

Èsì: Lórí láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì, ẹ yọ ọ́ lónìí. Kì í ṣe torí pé ẹ̀múlétọ̀ burú, ẹ̀rọ tí kì í ṣe tiyín ni, tí àwọn IT bá bá a níbẹ̀ ẹ̀yin ni wọ́n máa bi.

Lórí ẹ̀rọ ilé, ó sinmi lórí ibi tó ti mú un. Bí wọ́n bá tẹ orúkọ ẹ̀múlétọ̀ sórí Google, àwọn tó máa kọ́kọ́ yọ sókè lè jẹ́ ìpolówó, ojú wọn á jọ ti ilé iṣẹ́ náà, fáìlì inú ẹ̀ sì lè ti ní kòkòrò tó ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Orí ojú ilé iṣẹ́ tó ṣe é gan-an ni kó ti mú un, bẹ́ẹ̀ náà ni géèmù, inú Play Store ni, kì í ṣe APK (fáìlì áàpù) tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ lórí Telegram pé owó inú ẹ̀ ò lópin. Mi ò sì ní tan yín pé ẹni tó bá mú un níbi tó tọ́ ti bọ́ pátápátá. Ní February 2021, ESET, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan ní Slovakia, sọ ọ́ síta pé àwọn ọ̀daràn wọnú ibi tí NoxPlayer, ẹ̀múlétọ̀ kan, ti ń fi ọ́pídéètì ránṣẹ́ sáwọn tó ń lò ó, wọ́n fi kòkòrò sínú ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn èèyàn díẹ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yàn ní Éṣíà. Àwọn yẹn ò wọ ojú ìwé àwọn oníjìbìtì o, látorí ọ́pídéètì tó yẹ kó dáàbò bò wọ́n ni.

Torí ẹ̀, Gmail tẹ́ ẹ fi ń gba ìwé báǹkì ò gbọdọ̀ wọbẹ̀. Ẹ ṣí òmíì fún géèmù, èyí tí ò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tó bá tiẹ̀ sọnù. Ẹ wọ àkáǹtì Gmail yín lónìí, lọ sí Security, ẹ wo Your devices, ẹ máa bá fóònù kan níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò mọ̀, ó lè pe ara ẹ̀ ní Samsung tàbí OnePlus torí ẹ̀múlétọ̀ máa ń parọ́ orúkọ, ẹ lé e jáde, ẹ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù. Kádì ATM tó bá wà lórí àkáǹtì yẹn, ẹ yọ òun náà. Mo mọ bàbá kan tí géèmù ọmọ ẹ̀ ra dáyámọ́ǹdì títí owó iléèwé fi wọ inú ẹ̀.

Ìbéèrè: Ubuntu ni mò ń lò, mi ò fẹ́ Windows. Ǹjẹ́ ọ̀nà wà? – Onílínúùsì kan ṣoṣo ní Adó-Èkìtì

Èsì: Waydroid. Kò kọ́ odidi kọ̀ǹpútà míì sínú kọ̀ǹpútà bíi tàwọn yòókù, ó kàn pín yàrá fún Android nínú Linux ẹ, torí Android náà, orí Linux ló jókòó sí, ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́. Áàpù tí wọ́n kọ fún ARM nìkan ò ní ṣí àfi tó o bá fi ògbufọ̀ tiẹ̀ sí i, Play Store náà, ìwọ lo máa yàn án nígbà tó o bá ń ṣe é. Tó bá di ti ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde (graphics), Intel àti AMD ló bá a rẹ́, Nvidia máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Tó bá sọ fún ẹ pé òun ò rí Wayland (ohun tí Linux fi ń gbé fèrèsé sójú sìkírínì, Xorg ni ti àtijọ́), jáde sí ibi tó o ti ń kọ pásíwọ́ọ̀dù, tẹ orúkọ ẹ, wo igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, àmì kan wà níbẹ̀ tó dà bí eyín kẹ̀kẹ́, Ubuntu on Xorg ló ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀, yí i sí Ubuntu kó o tó wọlé padà.